Níbo Ni A Ti Ń Tú Èdìdì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ òní kò jọ èyí tí mo máa ń bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pa rédíò yín, nítorí orúkọ ọmọ yín àti nọ́ńbà fóònù yín wà nínú rẹ̀.

Ní àkókò ìgbaniwọlé kan tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè wa yìí, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣí ìkànnì rẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ọmọ lè forúkọ sílẹ̀. Kí agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tó lù, ìkànnì náà ti dákú. Àwọn ọmọ jókòó sí kàfé ní Àrámọ̀kọ, wọ́n san owó wákàtí kìíní, wọ́n san ti ìkejì, ojú-ìwé kò ṣí. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó mú ọmọ rẹ̀ wá láti ìhà Ìkọ́gòsì. Ó pa ọjọ́ oko jẹ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kò sùn. Sáfà kan ṣoṣo ni wọ́n ní; ó wá méjì kún un, ó sì gbé ẹ̀rọ kan síwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí yóò máa pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní load balancer. Èmi yóò máa pè é ní apínṣẹ́, kí ahọ́n mi lè sinmi. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀nà là. Gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ihò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò, níbi tí gbogbo wáyà ilé náà ti pàdé. Ó ṣí ètò tí a fi ń wo ohun tí ń kọjá lórí wáyà. Ohun tí ó rí bà á lẹ́rù. Orúkọ ọmọbìnrin kan, ọjọ́ ìbí rẹ̀, nọ́ńbà NIN rẹ̀, nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí ọmọ náà yàn fún ara rẹ̀, gbogbo wọn ń kọjá ní ìhòòhò, bí ìgbà tí a bá fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, nítorí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí mo ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la. Mo bèèrè bóyá àmì àgádágodo wà lójú fóònù ọmọ náà nígbà tí ó ń kọ nǹkan wọ̀nyí. Wọ́n ní ó wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa wá wojú mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé àgádágodo náà wá ń purọ́ ni?”

Kò purọ́. Òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà ni òtítọ́ rẹ̀ dé. Ìdajì yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní àrokò. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí kò sì fẹ́ kí ará ọ̀nà mọ̀, yóò so owó ẹyọ pọ̀, yóò fún ìránṣẹ́. Bí owó ẹyọ bá jẹ́ mẹ́fà, ẹni tí ó gbà á yóò mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí òun. Ìránṣẹ́ lè rù ú kọjá ìlú mẹ́wàá kí ó má mọ ohun tí ó rù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó kúrò nínú fóònù yín ṣe gbọdọ̀ rìn. Ó ń kọjá lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù, ó ń kọjá lábẹ́ òkun, ó ń kọjá nínú ẹ̀rọ àwọn tí a kò mọ̀ rí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè kà á.

Èdìdì tí a fi ń dì í ni ilé-iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1995, tí wọ́n sọ ọ́ ní SSL. Ní 1999 a tún un ṣe, a sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí TLS. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ń jẹ́ 1.3 jáde ní 2018. Láti 2015 ni ẹgbẹ́ IETF, tí ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo SSL mọ́ rárá. Síbẹ̀ orúkọ àtijọ́ náà kò kúrò lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ní Omo.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Nígbà tí fóònù yín bá kan ilẹ̀kùn ìkànnì kan, ìkànnì náà yóò kọ́kọ́ fi ìwé-ẹ̀rí hàn, èyí tí àjọ tí fóònù yín ti gbẹ́kẹ̀lé fọwọ́ sí. Yóò tún fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí ó bá ìwé náà mu wà lọ́wọ́ òun, nítorí ẹnikẹ́ni lè da ìwé kọ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà kì í jáde nílé. Lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì yóò jọ ṣe ìṣirò kan, wọn yóò fi bá ara wọn fohùn ṣọ̀kan lórí àṣírí tí ó jẹ́ ti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn nìkan. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ di àdìtú fún ẹni tí ó bá ń yọjú. Àmì àgádágodo kò sọ ju èyí lọ: pé láàárín fóònù yín àti ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ yẹn lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ó lè kà á.

Ta wá ni ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a rìn dé ààfin. Ẹni tí ó bá ti dé ààfin Ẹ̀fọ̀n, tí ó ti wo àwọn òpó tí Agbọnbíọfẹ́ gbẹ́, yóò rántí pé àlejò kì í wọlé tọ Ọba lọ tààrà. Ẹmẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Ẹmẹsẹ̀ ni yóò bi í léèrè ohun tí ó bá wá, òun ni yóò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, tàbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, òun ni yóò sì mọ ìjòyè tí yóò gbé e tọ̀ lọ. Bí àlejò bá pọ̀, yóò pín wọn, kí ìjòyè kan má baà kú sídìí iṣẹ́ nígbà tí èkejì ń tòògbé. Bí ìjòyè kan bá ń ṣàìsàn, kò ní gbé àlejò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Apínṣẹ́ ni ẹmẹsẹ̀ yìí, àwọn sáfà ni ìjòyè. Nítorí pé òun ni ó ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórúkọ àlejò, aṣojú ni, ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní proxy.

Nísinsìnyí, kí ni ẹmẹsẹ̀ yóò ṣe bí àlejò bá mú àrokò tí a fi èdìdì dì wá? Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà.

Ó lè gbé e wọlé bí ó ti rí, kí ó má fọwọ́ kan èdìdì. Ojú orúkọ tí a kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni yóò fi mọ ibi tí yóò gbé e lọ, nítorí nínú TLS orúkọ ìkànnì tí à ń wá sábà máa ń hàn sí gbangba níbẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ìjòyè tìkára rẹ̀ ni yóò tú u. Ọ̀nà yìí dára, àṣírí bò, ṣùgbọ́n ẹmẹsẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá owó ni àlejò fẹ́ san tàbí èsì ìdánwò ni ó wá wò. Gbogbo ìjòyè ni yóò sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Sáfà mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta láti ṣọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹmẹsẹ̀ tú èdìdì lẹ́nu ọ̀nà, kí ó kà á, kí ó wá fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún ìjòyè nínú ilé. Èyí ni wọ́n ń pè ní SSL termination: ibi tí èdìdì dópin. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ṣe nìyí. N kò bá a wí púpọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ṣe kọ́kọ́ ń kọ́ ènìyàn. Ó rọrùn. Ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo ni yóò tọ́jú, apínṣẹ́ rẹ̀ sì lè ka ohun tí àlejò bá wá, kí ó pín in bí ó ti yẹ. Wọ́n tún máa ń sọ pé títú èdìdì ń tán sáfà lókun, pé kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa jìyà rẹ̀ fún àwọn ìyókù. Èyí jẹ́ òtítọ́ ńlá láyé ọjọ́un; àwọn ilé-iṣẹ́ tilẹ̀ ń ra ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ní 2010, nígbà tí Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdìdì di gbogbo Gmail, wọ́n ní iṣẹ́ náà kò gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀rọ iwájú wọn. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi ọ̀rọ̀ okun ṣe àwáwí lónìí, kí ó lọ wọn ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí ẹmẹsẹ̀ tú èdìdì, kí ó ka ohun tí ó yẹ ní kíkà, kí ó sì fi èdìdì mìíràn, èdìdì ti inú ilé, tún un dì kí ó tó gbé e fún ìjòyè.

Ọmọ tí ó wà ní Àrámọ̀kọ kò lè mọ èyí tí wọ́n ń lò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgádágodo kan náà ni yóò rí. Ẹni tí ó to ẹ̀rọ náà nìkan ni ó mọ̀, òun nìkan ni ó sì lè dáàbò bò ó.

Ẹnì kan lè ní, “Ta ni yóò wọ inú ilé wa wá gbọ́ ọ?” Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, kí n tó gbọ́ ìtàn Google. Ní òpin oṣù kẹwàá 2013, ìwé ìròyìn The Washington Post gbé àwòrán kan jáde láti inú àwọn ìwé tí Edward Snowden kó jáde ní ilé-iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, NSA. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni. Àwọsánmà íntánẹ́ẹ̀tì wà lápá kan, àwọsánmà inú ilé Google wà lápá kejì, àwọn ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà sì wà láàárín. Ẹni tí ó yà á fa ọfà sí ẹnu ọ̀nà náà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibí yìí ni wọ́n ti ń fi SSL sí tí wọ́n sì ń yọ ọ́, ó wá ya ojú tí ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn dun àwọn ará Google. Àwọn amí Amẹ́ríkà àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò já èdìdì kankan. Wọ́n kàn lọ dúró sídìí wáyà tí ó so àwọn ilé ẹ̀rọ Google pọ̀ mọ́ ara wọn, níbi tí a ti tú èdìdì tán. Google yára fi èdìdì di àwọn wáyà inú ilé náà, nígbà tí ó sì di oṣù kẹta 2014 wọ́n kéde pé kò sí lẹ́tà Gmail tí yóò tún rìn ní ìhòòhò láàárín ilé ẹ̀rọ wọn. Bí ilé tí ó tó ti Google bá ní etí nínú ògiri, kí ni ká sọ nípa ọ́fíìsì tí a kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀sán?

Ẹ̀gbẹ́ kejì wà fún un o, n kò sì ní fi í pamọ́. Ẹmẹsẹ̀ tí ń tú àrokò gbogbo ènìyàn ní àṣírí gbogbo ènìyàn nínú. Ní oṣù kejì 2017, Tavis Ormandy, tí ń ṣiṣẹ́ ní Google, rí i pé àwọn ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ Cloudflare, tí ń tú èdìdì fún ọ̀kẹ́ àìmọye ìkànnì, ń da ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nìkan sínú ojú-ìwé ẹlòmíràn nítorí àṣìṣe kékeré kan nínú ètò wọn. Nítorí náà ọ̀nà kẹta pàápàá kò sọ ẹmẹsẹ̀ di áńgẹ́lì. Ẹ̀rọ tí ó bá mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ni a gbọdọ̀ ṣọ́ jù.

Nígbà tí a jókòó ti iṣẹ́ náà, èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ọ̀nà kẹta ni a mú. Lójú tèmi, níbikíbi tí orúkọ ọmọ àti NIN bá wà, òun ni ó tọ́. Bí ó bá jẹ́ sáfà kan ṣoṣo ni ẹ ní, ẹ lọ ọ̀nà kìíní, kí ẹ má ṣe ìyọnu. Ọ̀nà kejì, àfi bí apínṣẹ́ àti sáfà bá jọ wà nínú ẹ̀rọ kan náà tí ọ̀rọ̀ kò ní gun orí wáyà rárá.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yìí kàn, ẹ fetí sí díẹ̀ nínú ohun tí a ṣe. Ẹnu ọ̀nà 443 ni a ṣí fún ọ̀rọ̀ àdìdì. Ẹnu ọ̀nà 80 kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó darí àlejò sí 443. TLS 1.2 àti 1.3 nìkan ni a gbà. A fi odindi ẹ̀wọ̀n ìwé-ẹ̀rí síbẹ̀, kì í ṣe ìwé ti ìkànnì nìkan, nítorí àwọn fóònù kan kì í gba ìwé tí kò ní ìyá. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, alábòójútó ẹ̀rọ nìkan ni ó lè kà á. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ rí i ni fólídà tí gbogbo òṣìṣẹ́ lè ṣí. Fún inú ilé, a ṣe ìwé-ẹ̀rí tiwa fún sáfà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Nginx ni a fi ṣe apínṣẹ́ náà, ètò ọ̀fẹ́ tí Igor Sysoev, ọmọ Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 2004. Bí ẹ bá ní kí Nginx tún ọ̀rọ̀ dì kí ó tó gbé e wọlé, yóò dì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá pàṣẹ fún un, kò ní bèèrè ìwé-ẹ̀rí ẹni tí ó ń gbé e fún. Àṣẹ náà ni proxy_ssl_verify, pípa ni wọ́n sì pa á sílẹ̀ láti ilé. Àrokò tí a dì dáadáa tí a wá gbé fún ẹnikẹ́ni tí ó bá na ọwọ́, kí ni àǹfààní rẹ̀? A tan àṣẹ náà.

Wàhálà mìíràn tún yọjú tí ó pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí ó ti pa àwọn ẹlòmíràn lẹ́kún. Sáfà inú ilé kò rí ojú àlejò mọ́. Ojú ẹmẹsẹ̀ nìkan ni ó ń rí. Lójú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn ọmọ tí ó wà ní Ìjerò, ní Ẹ̀fọ̀n àti ní Àrámọ̀kọ. A sì ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ nígbà márùn-ún, kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ márùn-ún ṣì í kọ níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, sáfà sì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìlú. Oògùn rẹ̀ ni pé kí apínṣẹ́ kọ àdírẹ́sì àlejò sára ọ̀rọ̀ tí ó ń gbé wọlé, sí ìlà tí a ń pè ní X-Forwarded-For, kí ó sì kọ ọ́ sí X-Forwarded-Proto pé àlejò wá pẹ̀lú èdìdì. Bí ti ìkejì yìí kò bá sí, sáfà lè rò pé gbangba ni àlejò gbà wá, kí ó ní kí ó padà lọ gba ọ̀nà èdìdì, àlejò yóò lọ, yóò tún bọ̀, wọn yóò sì máa pòòyì bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ lè kọ X-Forwarded-For tirẹ̀ láti ìta, kí ó fi orúkọ ẹlòmíràn wọlé. Kí apínṣẹ́ máa pa ohun tí àlejò bá kọ síbẹ̀ rẹ́ kí ó tó kọ tirẹ̀, kí sáfà má sì gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn yàtọ̀ sí apínṣẹ́.

Ìwé-ẹ̀rí náà ní ọjọ́ ikú. Èyí tí Let's Encrypt ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015, àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ìwé-ẹ̀rí àti àwọn tí ń ṣe bùráúsà dìbò pé láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2029, ìwé kankan kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 47 lọ. Ẹni tí ó bá ń fi kàlẹ́ńdà ara ògiri rántí ọjọ́ rẹ̀ yóò jí lówùúrọ̀ kan bá ìkànnì rẹ̀ ní títì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tún un gbà fúnra rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ó le ju gbogbo ti ẹ̀rọ lọ. Fún ọjọ́ méjì gbáko, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ti rìn ní ìhòòhò. Àwọn àgbà kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí a bò ó mọ́lẹ̀, pé ẹni tí ó rí i kò ju ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ, àti pé ọmọ dáadáa ni. Mo ka òfin fún wọn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023, sọ pé ẹni tí ó bá gba ìsọfúnni ènìyàn pamọ́ gbọdọ̀ dáàbò bò ó, bí ó bá sì já sí ìta lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lára, kí ó fi tó Àjọ tí ó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72. A jiyàn títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọ̀wé náà. Wọ́n sì fi ìránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo àwọn tí ó ti forúkọ sílẹ̀, pé kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn níbẹ̀, àti níbòmíràn tí wọ́n bá ti ń lo irú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn tún so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ihò àyẹ̀wò. Àdìtú nìkan ni ó ń kọjá.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, obìnrin tí ó wá láti ìhà Ìkọ́gòsì dé ọ́fíìsì náà pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ wà lórí wáyà. Ó kí wa, ó jókòó, ó ní, “Tíṣà, ẹni mélòó ló ti rí nọ́ńbà mi?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wojú mi. Mo ní kí ó dá màmá lóhùn. Ó ka àwọn tí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ní ọjọ́ méjèèjì, ó pè wọ́n lórúkọ níkọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni wọ́n. Obìnrin náà ní kí ó kọ wọ́n sínú ìwé fún òun. Ó kọ wọ́n, ó fọwọ́ sí i, obìnrin náà sì ká ìwé náà sínú tọ́bí rẹ̀.